Atẹ́gùn, Omi àti Àgbàlá: Kí Ni Ó Ń Mú Kí Ilé Tòrò?

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ilé tí ó bá tòrò, ọmọ àlè ilé náà ni kò tí ì dàgbà. Òwe náà le, ṣùgbọ́n ó fi yé wa pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti mọ̀ pé àlàáfíà ilé kì í dédé wá. Ìwà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà tí ó ti ń di ohun ìgbàgbé, èyíinì ni bí a ṣe kọ́ ilé náà sí. Èyí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ Akotogbo kan tí ó ń gbé ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Akotogbo jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí ààlà Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ká ní baba ọkùnrin yìí ti kú, ìyá rẹ̀ sì wà láyé. Owó dé ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí baba fi sílẹ̀, kí ó fi ilé ìgbàlódé rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ògiri gíga àti géètì onírin. Àwọn àbúrò rẹ̀ kò gbà. Ọ̀kan ní níbo ni ìyá yóò máa jókòó sí? Èkejì ní inú yàrá ni wọ́n sin baba sí, ta ni yóò to búlọ́ọ̀kù lé e lórí? Ọ̀rẹ́ kan wá fún un ní ìwé kan lórí ọgbọ́n àwọn ará Ṣáínà tí à ń pè ní feng shui, ó ní bí ó bá tẹ̀lé e, ilé tuntun náà yóò tòrò. Ta ni ó jàre nínú wọn?

Ìtumọ̀ feng shui ni "atẹ́gùn àti omi." Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ ibojì sì wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí, èyí tí wọ́n ní Guo Pu tí ó kú ní ọdún 324 ni ó kọ ọ́, Ìwé Ìsìnkú ni wọ́n ń pè é. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé èémí kan wà nínú ilẹ̀ tí ń gbé ayé ró; atẹ́gùn ni ó ń tú u ká, omi ni ó ń dá a dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fẹ́ òkè lẹ́yìn ilé, omi níwájú, kí ojú ilé sì kọ sí gúúsù, nítorí pé àríwá ni òtútù ti ń wá bá wọn. Ní Beijing àtijọ́, ilé onígun mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́, àgbàlá á wà láàárín, wọn a sì mọ ògiri kékeré sẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà kí ojú ẹni tí ń kọjá má baà wọlé. Lẹ́yìn ọdún 1949, ìjọba Ṣáínà gbógun tì í, wọ́n ní asán ni. Síbẹ̀ kò kú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé gogoro Bank of China ní Hong Kong ní 1990, àwọn kan ń kùn pé igun rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ sí àwọn tí ó múlé tì í.

Kí ni ó wà nínú èyí tí àwọn baba wa kò mọ̀? Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ṣàlàyé pé agbo ilé ni Yorùbá ń kọ́: ilé yí gbàgede ńlá ká, ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àwọn ìbátan sì pín in gbé. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀, ùghà ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ẹdó náà sì ń lo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn baba wa kì í kọ́lé sí ibi tí ó bá ṣáà ti wù wọ́n. Wọn a mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, wọn a sì bi Ifá léèrè bí ilẹ̀ náà yóò bá gbè wọ́n. Lẹ́yìn èyí, wọn a la ojú wọn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ olómi, òjò a sì máa rọ̀ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ẹni tí yóò kọ́lé níbẹ̀ ní láti mọ ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, nítorí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ìhà òkun ni atẹ́gùn òjò ti ń wá, òkè Ọya ni ọyẹ́ ti ń wá. Ẹni tí ó mọ èyí ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí ojú ilé kọ sí. Ǹjẹ́ èyí kì í ṣe atẹ́gùn àti omi?

Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ ni ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Kí a tó bo òrùlé, òógùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pò mọ́ amọ̀ náà.

Àgbàlá ni ọgbọ́n náà ti jinlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni a ń gbé ìkòkò sí láti gbe omi òjò. Gbogbo ilẹ̀kùn ni ó kọjú sí i. Ẹni tí kò bá jáde ní òwúrọ̀, gbogbo ilé ni yóò béèrè rẹ̀. Ọkọ tí ó bá gbé ọwọ́ sókè sí aya rẹ̀, ojú àgbà ni ó ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni a ti ń pa àlọ́ bí òṣùpá bá yọ, ibẹ̀ náà ni a ti ń parí ìjà. Ní ẹnu-ọ̀nà ńkọ́? Ní ilé púpọ̀, Èṣù wà níbẹ̀, baálé a sì máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ògiri ni àwọn ará Ṣáínà fi dí ojú àlejò. Àgbà ni àwa fi dí i.

Ní ti ibojì, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, nítorí náà ó ṣòro fún ọmọ láti ta ilé tí baba rẹ̀ sùn sí. Ibojì náà ni ó so àwọn ọmọ pọ̀.

Báwo ni a ṣe sọ èyí nù? Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú ọnà ilé tiwọn wá: ọ̀nà gba àárín ilé kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Páànù dé, owó kòkó dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì tàn dé òkè. Àgbàlá bọ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ó yá, ó pòórá.

N kò sọ pé kí á padà sí ilé ewé. Yàrá àtijọ́ ṣókùnkùn, èéfín kún un, bí iná bá sì ran òrùlé kan, agbo ilé lè jó tán. N kò sì kẹ́gàn àwọn ará Ṣáínà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ọmọ wa ra dígí àti ọ̀pọ̀lọ́ onídẹ sí pálọ̀, kí ó rò pé àlàáfíà ti wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn ará Ìkálẹ̀ mọ èyí. Ayélála tí wọ́n ń bẹ̀rù, ìtàn so ó mọ́ àdéhùn àlàáfíà láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ, òtítọ́ ni ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ilé kò lè fún ni ní òtítọ́. Ó lè fún un láyè láti jókòó.

Nítorí náà, àwọn àbúrò ni ó jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tuntun tọ́ sí ìyá wọn. Kí ọkùnrin wa pe wọ́n jọ kí ó tó pe bíríkìlà. Kí ó fi àyè gbayawu sílẹ̀ láàárín ilé, kí àwọn ilẹ̀kùn kọjú síra wọn. Kí ó dá ibojì baba sí. Kí ó la ọ̀nà fún àgbàrá, kí ó má baà ya lu aládùúgbò. Kí ó kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú, níbi tí ìyá yóò ti máa rí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀, tí wọn yóò sì máa kí i. Owó ògiri gíga náà lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ àwọn àgbà tí wọ́n gbé inú agbo ilé rí lọ, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.