Ohun Tó Ju Ẹkún Lọ: Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Nígbà Ọ̀wọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà kan náà ló sì sọ pé ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Bí ènìyàn bá gbé òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Èkíní ní ẹni tí ebi ń pa kò ní etí fún ohun mìíràn. Èkejì ní ìgbà tí ìyà bá pọ̀ jù gan-an ni ẹ̀rín ń dé. Ìbéèrè tó yẹ fún ìjíròrò nìyí: nígbà tí nǹkan bá le, tí owó kò ra ọjà mọ́, kí ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn ń ṣe fún ọmọ ènìyàn? Ṣé oúnjẹ ọkàn ni, àbí oògùn oorun lásán?

Ibi tó dára láti ti bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn ni Òtò, ní agbègbè Mainland ìlú Èkó. Òtò wà ní ìtòsí Ìdó àti Oyíǹgbò, lẹ́bàá Èbúté Mẹ́ta. Ilẹ̀ Olótò ni, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdéjọ tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní Èkó láti ìgbà láéláé. Láti ọdún 1896 tí iṣẹ́ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó ni agbègbè yìí ti di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn alágbàárù, àwọn akọ̀wé kéékèèké àti àwọn oníṣòwò. Ọjà tó wà níbẹ̀ ló bí òwe tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀: ọjà Oyíǹgbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èrò pọ̀ débi pé bí ẹnì kan bá kú, bí ó bá ṣàìsàn, tàbí bí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè dé ọjà, ọjà yóò ná, ọjà yóò sì tú.

Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí àwọn ará Èkó ti mọ̀ tipẹ́. Ní òwúrọ̀, olùtà ìwé ìròyìn yóò tẹ́ ọjà rẹ̀ sórí tábìlì tàbí pákó lẹ́bàá títì. Kí oòrùn tó mú, àwọn ènìyàn yóò ti yí i ká. Púpọ̀ nínú wọn kò ní rà. Wọn yóò ka àkọlé, wọn yóò jiyàn lórí ìṣèlú àti bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Àwọn aláwàdà a máa pè wọ́n ní ẹgbẹ́ òǹkàwé ọ̀fẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ó wà lórí àtẹ náà, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni kò béèrè ìwé kíkà púpọ̀. Ẹni tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá lè wò ó kí ó sì lóye rẹ̀. Ẹnì kan yóò na ìka sí i, ẹlòmíràn yóò ṣàlàyé, gbogbo wọn yóò bú sẹ́rìn-ín. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kálukú yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí agbègbè yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1937 ni Nnamdi Azikiwe dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀, Yábàá tí kò jìnnà sí Òtò ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ní ọdún 1944, ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tí ń jẹ́ Akínọlá Láṣekàn bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún un. Lash ni orúkọ tí ó fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà sí aṣáájú àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nàìjíríà. Ìjọba amúnisìn àti ìṣèlú ìgbà náà ni àwọn àwòrán rẹ̀ dá lé.

Ìgbà wo ni ìgbà náà? Ìgbà ogun ni. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ìjọba gbìyànjú láti fi òfin dé iye owó gààrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó lábẹ́ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Pullen, ṣùgbọ́n ètò náà bí àwọn ìyálọ́jà nínú gidigidi, oúnjẹ kò sì tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i. Owó iṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Ní apá ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1945, òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lábẹ́ Michael Imoudu sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gbà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún náà, ìjọba fi òfin de Pilot àti ìwé ìròyìn Daily Comet nítorí ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá rántí pé ibùdó iṣẹ́ ńlá rélùwéè wà ní Èbúté Mẹ́ta yóò mọ̀ pé ní àdúgbò bí Òtò, ìròyìn tí a ń gbọ́ lókèèrè kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn kan ń rí àwòrán tí ó mú wọn rẹ́rìn-ín sí àwọn alágbára.

Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kí ìwé ìròyìn tó dé ni Yorùbá ti ní ẹ̀fẹ̀. Ní Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, àti láàárín àwọn Yewa àti àwọn ará agbègbè wọn, òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán. Ẹ̀fẹ̀ yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò súre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin bú àwọn oníwà ìbàjẹ́, ìbáà jẹ́ olówó tàbí olóyè. Ìlú yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sì gbọ́. Nígbà tí àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2001, ẹ̀rín yìí wà lára ohun tí wọ́n kà. Ohun tí ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ń fi yíǹkì ṣe ní òwúrọ̀ kò jìnnà sí ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń fi orin ṣe ní òru.

Lẹ́yìn òmìnira, àwòrán ẹ̀fẹ̀ pọ̀ sí i lórí àtẹ. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìwé Atọ́ka ti ń jáde ní èdè Yorùbá. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn níbẹ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sínú àwòrán. Eré àwọn ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri ni wọ́n ń lò. Nínú Sunday Times àwọn ọdún 1970, Josy Ajíbóyè ní ojú ìwé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Délé Jẹ́gẹ́dẹ́ ń ya ìtàn ọmọ aláìgbọràn kan tí ń jẹ́ Kọ́lé. Ní ọdún 1976, Wálé Adénúgà, tí ó ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, Akọka, dá Ikebe Super sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Papa Ajasco ti kọ́kọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká kí ó tó di ti sinimá ní ọdún 1984 àti ti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo òbí àti olùkọ́ ni inú wọn dùn sí ìwé náà, nítorí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ a máa kọjá ààlà nígbà mìíràn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi ya.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀wọ́n dé. Ní ọdún 1982, ìjọba Shagari kéde òfin ìfúnlókunpọ̀. Ní ọdún 1984, àwọn ènìyàn ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì, ọṣẹ àti òróró. Ní ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1985, náírà kan kò jìnnà sí dọ́là kan. Ní ọdún 1987, ó ti tó nǹkan bíi náírà mẹ́rin kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Ẹni tó ń ra mọ́tò tuntun tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wá tòkunbọ̀.

Kí ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ lè ṣe sí irú ọ̀ràn báyìí? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ayàwòrán bá ya obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ owó lọ sí ọjà, tí ó sì gbé tòmátì tó rà bọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wò ó.

Èkíní, ìṣòro náà kéré débi tí ojú lè ká a. Ọ̀wọ́n ọjà tí kò lórí tí kò nídìí, tí ń kó ìdààmú bá ènìyàn lóru, di obìnrin kan àti apẹ̀rẹ̀ kan. Ohun tí ojú bá ká, ọkàn lè gbé e yẹ̀ wò. Èkejì, ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ìtìjú wà nínú òṣì. Ẹni tí kò lè ra ẹran fún ọmọ rẹ̀ a máa rò pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá jọ rẹ́rìn-ín sí apẹ̀rẹ̀ náà nídìí àtẹ, kálukú ti jẹ́wọ́ láìsọ̀rọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nílé tòun. Ẹ̀kẹta, ọ̀la ní ohun tí ènìyàn ń retí. Ìròyìn ọ̀la lè burú, ṣùgbọ́n àwòrán tuntun yóò wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí kò kéré. Nígbà ogun, ìwé fún títẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé àwọn ìwé àpanilẹ́rìn-ín ọmọdé méjì, Dandy àti Beano, tí ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe pàṣípààrọ̀: bí èkíní bá jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí, èkejì ni yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n dín in kù, wọn kò pa á tì. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí bọ́ǹbù ń dún lókè orí rẹ̀ nílò ohun kan tí yóò máa retí.

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Àwọn kan ní ẹ̀rín a máa pa ìbínú, pé ẹni tó ti rẹ́rìn-ín tán kò ní lè jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kò fi gbogbo ara gbè é lẹ́yìn. Èkó tí ń wo àwòrán Láṣekàn ní ọdún 1944 ni Èkó tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989 náà, ẹ̀fẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fi SAP ṣe kò dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti wọ́de tako ètò náà. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ni láti bi ara rẹ̀ pé: ta ni àwòrán yìí ń fi ṣe ẹlẹ́yà? Bí ó bá jẹ́ ẹni tó fa ìyà tàbí ìyà fúnra rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ abirùn, aláìní tàbí obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ìyà mìíràn ni a fi kún ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́ kì í sábà rò. Ọ̀wọ́n tó kan ẹni tí ń rẹ́rìn-ín kan ẹni tí ń pa á lẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ìwé fún títẹ̀, yíǹkì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbówó lérí bí náírà ti ń já wálẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ sí òpin, ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀fẹ̀ tí a mọ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́. Ayọ̀ ìṣẹ́jú kan tí ogún ènìyàn rí lọ́fẹ̀ẹ́ nídìí àtẹ, ẹnì kan ló jókòó ní òru láti yà á, ẹnì kan ló sì ní láti rà á kí ayàwòrán tó lè jẹun.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni lítà epo kan kúrò ní ohun tí kò pé 200 náírà, tí ó sì ju 480 lọ. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tún tàn kálẹ̀, lórí fóònù ni ó ti wá pọ̀ jù báyìí. Ọ̀nà ló yí padà, ìdí kò yí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ti rí nílé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò nílò láti bi wọ́n ní ìbéèrè tí yóò tì wọ́n lójú. Kí ó fún wọn ní bébà, kí ó ní kí kálukú ya ohun kan tó pa á lẹ́rìn-ín lánàá. Yóò rí ìlà epo, ọkọ̀ èrò tó kún àkúnwọ́sílẹ̀, àti ìyá tó ń dá ẹran sí méjìlá. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn mọ́. Ẹ̀rín kò lè rọ́pò oúnjẹ, ẹni tó bá ní kí aláìjẹun máa rẹ́rìn-ín ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ṣì jẹ́ ènìyàn, ó sì ń fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé òun wà. Ọjà Oyíǹgbò lè má mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní òròòwúrọ̀ nídìí àtẹ ìwé ìròyìn, wọn yóò mọ̀, wọn yóò sì béèrè rẹ̀.