Ẹ Jẹ́ Kí Àrọ̀ Yé Ná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí òjò ńlá bá rọ̀ ní Òtu níbí, mo máa ń lọ wo odò láàárọ̀. Omi á ti bo koríko etídò. Lékeléke á ti tò síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ jẹ. Inú koríko yẹn ni àrọ̀ ń yé sí. Ẹyin rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ewé, á di ọmọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹja salmon ti òkun Pàsífíìkì máa ń kú tó bá ti yé tán. Àrọ̀ ní tiẹ̀ á padà sódò, á tún yé lọ́dún mìíì. Ṣùgbọ́n tá a bá fi àwọ̀n dí ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tìyátọmọ la sè lọ́bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yé. Ṣé ó yé yín?