Aáyán Funfun àti Àwọn Oníṣẹ́ Inú Ẹ̀jẹ̀

 

Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ni ó ti ṣí àpótí aṣọ lọ́jọ́ kan rí, tí ẹ bá aáyán kan níbẹ̀ tí ó funfun báláú. Ẹlòmíràn a rò pé irú aáyán mìíràn ni, tàbí pé àìsàn ń ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aáyán pupa tí a mọ̀ náà ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, yóò pọ́n padà, ara rẹ̀ yóò sì le. Ta ni ó sọ fún un pé àkókò tó láti bọ́ awọ? Ta ni ó sì sọ fún awọ tuntun náà pé kí ó le? Ìbéèrè méjì yìí ni a ó dáhùn lálẹ́ òní.

Egungun tiwa wà nínú ẹran ara wa. Bí a ti ń dàgbà ni òun náà ń dàgbà. Kòkòrò kò ní egungun nínú. Awọ líle tí ó wà lóde ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀, òun náà ni aṣọ rẹ̀, òun náà sì ni asà rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ yìí kì í fẹ̀ bí ara ti ń fẹ̀. Bí ìyá bá rí i pé bùbá ti fún ọmọ rẹ̀ jù, yóò rán òmíràn fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ti kòkòrò: awọ tuntun a hù sábẹ́ ti àtijọ́, ti àtijọ́ a là lẹ́yìn, kòkòrò a sì yọ jáde. Ní wákàtí náà, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. A máa gbé afẹ́fẹ́ mì kí ara rẹ̀ lè wú, kí awọ tuntun lè fẹ̀ tó kí ó tó le. Kò lè sáré, kò sì lè jà. Bí èèrà bá ká a mọ́ ibẹ̀, ó parí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bọ́ awọ ní àkókò tí kò yẹ, ikú ni ó ń pè.

Báwo ni ó ṣe ń mọ àkókò? Ní 1934, ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Vincent Wigglesworth, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò kan tí ó jọ ìdun ni ó lò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, níbi tí ó ti ń kó àrùn Chagas ran ènìyàn. Ìwúlò rẹ̀ fún un ni pé, bí ó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò bọ́ awọ.

Wigglesworth fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mu, ó gé wọn lórí, ó sì fi ìda dí ojú ọgbẹ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu: kòkòrò yìí lè wà láàyè láìlórí, òmíràn a sì lò ju ọdún kan lọ. Àwọn tí ó gé lórí kété lẹ́yìn oúnjẹ kò bọ́ awọ mọ́. Àwọn tí ó jẹ́ kí ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ó tó gé wọn lórí bọ́ awọ. Ó wá so ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́ mọ́ ọ̀kan nínú ti èkejì, kí ẹ̀jẹ̀ wọn lè dà pọ̀. Àwọn méjèèjì bọ́ awọ! Ó hàn gbangba pé ẹ̀jẹ̀ ni ó gbé àṣẹ náà kiri.

Oníṣẹ́ tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni a ń pè ní họ́mónù. Ọpọlọ kòkòrò ni ó ń rán oníṣẹ́ kìíní sí ẹ̀yà kékeré kan ní àyà rẹ̀. Ẹ̀yà yìí ni ó ń tú oníṣẹ́ kejì, ẹkidísóònù, jáde, òun ni ó sì ń mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ awọ. Ní 1954, Butenandt àti Karlson ní Jámánì rí i yọ ní ògidì. Kòkòrò sẹ́dà tí wọ́n lò wúwo tó 500 kìlógíráàmù. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kò ju mílígíráàmù 25 lọ. Iyọ̀ tí a fi ìka méjì bù wúwo jù ú lọ!

Oníṣẹ́ kẹta ń ti ẹ̀yìn ọpọlọ wá. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé, “Má tíì dàgbà.” Níwọ̀n ìgbà tí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò lè bọ́ awọ, ṣùgbọ́n ọmọdé ni yóò tún jẹ́. Ìgbà tí oníṣẹ́ yìí bá dákẹ́ ni kòkòrò ń di àgbà.

Ó ku ìbéèrè kejì: ta ni ó ń mú awọ le? Ẹ jẹ́ kí a wo eṣinṣin ńlá tí ń kùn lórí ẹran. Inú ilẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ń wọ̀ lọ láti para dà. Nígbà tí ó bá di eṣinṣin, yóò wa ilẹ̀ jáde pẹ̀lú ara rírọ̀ àti ìyẹ́ tí ó ká jọ. Bí awọ rẹ̀ bá le nínú ilẹ̀, ìyẹ́ náà kò ní nà mọ́. Ìgbà tí ó bá bọ́ sí gbangba ni oníṣẹ́ kẹrin, bọ́síkóònù, ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1962, Fraenkel àti Hsiao ní Amẹ́ríkà fi okùn di eṣinṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́rùn pinpin. Ara rẹ̀ kò dúdú, kò sì le. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ eṣinṣin mìíràn tí awọ rẹ̀ ń le lọ́wọ́ sí i lára. Ara náà sì dúdú. Ní ọdún kan náà, Cottrell rí ohun kan náà lọ́tọ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá nítorí ẹ̀fọn. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí à ń pè ní methoprene, tí ó fara wé oníṣẹ́ tí ń wí pé, “Má tíì dàgbà.” Bí a bá dà á sínú omi, tanwíjí inú rẹ̀ a máa jẹun, a máa lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n yóò kú kí ó tó di ẹ̀fọn tí ń fò. Oògùn náà kò pa ẹ̀fọn tí ó ti ní ìyẹ́. Nítorí náà, ẹ má dẹ́kun láti máa da omi inú agolo àti táyà ẹ̀yìnkùlé nù.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé oko, ẹ wo ara ewé ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá rí awọ gbígbẹ tí tata bọ́ sílẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: ẹ ó rí ibi tí ó là gbọọrọ. Ibẹ̀ ni tata gbà jáde nígbà tí oníṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wí fún un pé àkókò tó. Ó dàárọ̀ o.