Ẹ Jẹ́ Kí Á Ka Ẹyẹ Àdúgbò Wa

Ẹ ti ń ka ìwé, ẹ sì ń ka owó yín lọ́jà. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á jọ ka ẹyẹ.

Kí ni a ó mú dání? Ìwé kékeré kan àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, nítorí ìgbà náà ni ẹyẹ ń wá oúnjẹ. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Etí sábà máa ń gbọ́ ẹyẹ kí ojú tó rí i.

Ẹ wo orí ọ̀pẹ yẹn. Àwọn ẹ̀ga ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Akọ ẹ̀ga ló ń hun ilé. Á ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, á sì hun ún títí yóò fi so rọ̀ bí àpò kékeré, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Abo á wá yẹ ilé náà wò. Bí kò bá wù ú, akọ á tú u, á tún hun òmíràn.

Ẹ wo pápá níbi tí màlúù ti ń jẹko. Ẹyẹ funfun tó ń tẹ̀ lé wọn ni lékèélékèé. Kí ló ń wá? Bí màlúù bá ń tẹ koríko, tata á fò jáde, lékèélékèé á sì ṣà á jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wá yà sí ibi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igún máa ń tò sórí òrùlé irú ibẹ̀. Níbo ni wọ́n wà báyìí? A lè lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí á má rí ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Igún ń jẹ òkú ẹran kí ó tó jẹrà. Ó ń gbálẹ̀ fún wa láìgba owó. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti bí ọdún 1990 síwájú, igún kú lọ rẹpẹtẹ. Oògùn ìrora kan tí wọ́n ń fún màlúù ló fà á. Igún tó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kídìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Ajá ìgboro wá ń jẹ òkú ẹran tí igún ìbá jẹ. Ajá pọ̀ sí i, ewu àrùn dìgbòlugi sì pọ̀ sí i. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de oògùn náà fún màlúù ní 2006, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú igún ti lọ.

Ní Áfíríkà tiwa ńkọ́? Májèlé ń pa igún, àwọn kan sì ń pa á tà fún oògùn. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó ju 2,000 lọ ló kú nípa májèlé. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ka igún tí a mọ̀ yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtiparẹ́ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti kìlọ̀ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ má pa á. Ẹ má rà á. Ẹ má fi májèlé sínú ẹran nítorí ajá tàbí ẹranko igbó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Láti 2015 ni àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ti ń rìn káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n ń fi ó kéré tán wákàtí 2 kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí níbì kan. Ẹ̀yin náà lè kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́: Àbámẹ́ta
Ibi: Ọ̀nà oko
Ẹ̀ga: 30
Lékèélékèé: 6
Igún: 0

Ẹ má ṣe fo òdo yẹn. Ó ń sọ pé a wá a, a kò rí i. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé kò wò. Bí ẹ bá sì rí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kọ 1 gàdàgbà, kí ẹ wá sọ fún wa ní kíláàsì.

Ìbéèrè
1. Ta ló ń hun ilé ẹ̀ga, akọ ni àbí abo?
2. Kí ló mú kí ajá ìgboro pọ̀ sí i ní Íńdíà?
3. Ẹyẹ mélòó lẹ rí lónìí? Ẹ kọ orúkọ wọn.