Ojúlówó àti Ayédèrú nínú Jíìpù Ológun Àtijọ́

Níbi tí àwọn tó ń kó ọkọ̀ ológun àtijọ́ jọ bá ti pàdé ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jíìpù Ogun Àgbáyé Kejì kì í wọ́n níbẹ̀. Wọn a ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, ìràwọ̀ funfun a sì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò là sí ọ̀rọ̀ náà yóò rò pé àná ni ọkọ̀ náà ti ojú ogun bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dà náà kò tí ì pé ọdún kan, pé ilé iṣẹ́ kan ní Philippines ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ara rẹ̀, àti pé inú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Owó ńlá sì ni ẹni tó ń tà á ń béèrè. Kí ni ẹni tó ń rà á yóò wò kí ó tó gbà pé ojúlówó ni?

Ohun tó mú kí ìbéèrè yìí le kò ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1940 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré tí yóò lè gba inú ẹrẹ̀ àti orí àpáta. Ilé iṣẹ́ Bantam ni ó kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n Willys-Overland ti ìlú Toledo ni wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá náà fún ní 1941. Nígbà tí ìjọba rí i pé apá ilé iṣẹ́ kan kò lè ká a, wọ́n ní kí Ford náà máa ṣe é. MB ni ti Willys ń jẹ́, GPW ni ti Ford. Nígbà tí ogun fi máa parí ní 1945, iye tí àwọn méjèèjì ti ṣe lé ní 630,000. Àṣẹ tí ìjọba sì pa fún wọn ni pé ohun tí wọ́n bá yọ lára ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè wọ ara èkejì láìsí wàhálà. Àṣẹ yìí dára fún ogun. Òun kan náà ni ó sọ ọkọ̀ yìí di àlọ́ fún ẹni tó ń rà á lónìí.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà láti dá wọn mọ̀. Ṣáásí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irin ìdábùú tó wà níwájú ṣáásí Willys rí róbótó bí ọ̀pá omi. Ti Ford ní igun, ó sì dàbí ọpọ́n tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Orí irin ṣáásí lápá òsì gan-an ni Ford lu nọ́ńbà tirẹ̀ sí. Ti Willys wà lára àwo irin kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ inú ṣáásí lápá òsì, níwájú. Ford tún lu lẹ́tà F sára ọ̀pọ̀ ohun tó ṣe, títí kan orí bóòtù. Ní ti àwọn àwo irin tó ń sọ orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ẹni tó jókòó síwájú, ẹ̀rí wọn kò tó nǹkan. Tuntun wọn wà lọ́jà, ọjọ́ tó bá sì wu oníbàárà ni wọ́n lè lù sí i.

Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé ẹ̀wù ológun wọ ọkọ̀ tí kò dé ojú ogun rí. CJ-2A ni Willys bẹ̀rẹ̀ sí tà fún àwọn àgbẹ̀ ní 1945. Ihò gígùn méje ni ó wà níwájú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni ti ológun. Ẹni tó bá fẹ́ bu epo sínú jíìpù ológun ní láti gbé ìjókòó awakọ̀ sókè, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu táńkì wà; ẹ̀gbẹ́ òde ni ti CJ-2A wà. M201 tí ilé iṣẹ́ Hotchkiss ṣe fún àwọn ológun ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn ogun tún ṣòro mọ̀ ju èyí lọ, àfi bí ènìyàn bá wo iná rẹ̀: fóòtì 24 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, nígbà tí ti ayé ogun ń lo fóòtì 6. Kò sí ìtìjú nínú kí ọkọ̀ jẹ́ M201. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi orúkọ mìíràn pè é.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn olùkójọ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n gbà pé jíìpù Ford tí kò bá ní F lórí gbogbo bóòtù rẹ̀ ti di àmúlùmálà, nítorí náà wọ́n ń wá bóòtù olórí F kiri bí ẹni ń wá wúrà. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láti ìparí 1943 wọ 1944, àwọn ọmọ ogun Ìpín 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè àti inú igbó lọ sí àfonífojì odò Kaladan ní Burma. Bí nǹkan bá ṣẹ́ lára ọkọ̀ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dúró béèrè bóyá Ford tàbí Willys ni ó ṣe èyí tó wà nítòsí? Mẹkáníìkì ológun a mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ọkọ̀ a sì máa lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe báyìí nígbà ogun jẹ́ ojúlówó ju èyí tí olówó kan to bóòtù F sí lára lẹ́nu ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èkejì jọ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ó rí ogun.

Ilé ẹjọ́ gíga ìlú London ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ eré ìje ni wọ́n ń jà lé lórí. Bentley kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ipò kìíní ní Le Mans ní 1929 àti 1930. Ẹni tó fẹ́ rà á kọ̀ láti sanwó, ó ní kì í ṣe ọkọ̀ náà mọ́. Adájọ́ rí i pé díẹ̀ péré ni ó kù nínú irin àtijọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó dá ẹni tó ń tà á láre, nítorí pé ìtàn ọkọ̀ náà kò já níbì kan: bí wọ́n ti ń pààrọ̀ ohun kan lára rẹ̀ ni ó ń jẹ́ ọkọ̀ kan náà lọ. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí alájórin gé ṣáásí kan sí méjì, kí ó mú ìdajì kọ̀ọ̀kan so mọ́ irin tuntun, kí ọkọ̀ méjì wá máa jẹ́ nọ́ńbà kan.

Nítorí náà, ìwé àti àwòrán ni ó ń gbé iye owó sókè láìsí àbùkù: àwòrán ọkọ̀ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àwòrán ibi tó ti dípẹtà, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gé kúrò àti ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó sì gbà láti fi hàn, kò sí ìdí láti bẹ̀rù ara tuntun tó rà. Ẹni tó ní àwọ̀ dídán nìkan ni kí oníbàárà rọra bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí kan tún wà tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà. Ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni àwọn ológun Amẹ́ríkà máa ń kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 fún jíìpù. Ọ̀dà aláwọ̀ aró tó ṣókùnkùn ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà sí funfun. Ẹni tó bá ní sùúrù láti fi yẹ̀pẹ̀rẹ̀ pépà oníyanrìn bó ọ̀dà náà ní ìpele-ìpele lè bá nọ́ńbà yìí nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n iyanrìn bó gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan kì í rí i. Bí wọ́n bá sì rí i, iṣẹ́ kò tí ì parí, nítorí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣeé yọ láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn. Àfi kí wọ́n tún padà sídìí ṣáásí lọ bá nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọjọ́ orí àwọn méjèèjì sún mọ́ra.