Ìbéèrè Ọjà Katako Tó Lè Sọ Ọmọ Di Ọ̀mọ̀wé

Pákó ni àwọn Haúsá ń pè ní katako. Ní ọjà tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r, àwọn káfíńtà, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń ta àlòkù ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ká sọ pé káfíńtà kan níbẹ̀ gba àsansílẹ̀ owó bẹ́ẹ̀dì. Ó parí iṣẹ́, ó gbé e dé ilé oníbàárà, ṣùgbọ́n owó tó kù kò jáde. Kò sí rìsíìtì, kò sí ẹlẹ́rìí. Ta ni yóò fẹjọ́ sùn: àgbà ọjà, ọlọ́pàá, àbí adájọ́?

Ìwé òfin ní ìdáhùn tirẹ̀. Ohun tí káfíńtà náà yóò ṣe gan-an lè yàtọ̀ sí i. Àlàfo àárín méjèèjì yìí ni àwọn kan ń wádìí láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọn kì í jókòó ti ìwé òfin nìkan. Wọ́n ń lọ sí kóòtù, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọjà, wọ́n ń ka iye ẹjọ́, wọ́n sì ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wáyé ní Nìjẹ̀r. Ní 1993, ìjọba gbé òfin kan jáde lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Christian Lund, ará Denmark, rí i pé dípò kí ìjà ilẹ̀ dínkù, ńṣe ni àwọn ènìyàn sáré hú ẹjọ́ àtijọ́ jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òfin ń bọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1998. Oumarou Hamani, olùwádìí LASDEL ní Niamey, kọ nípa àwọn kóòtù Niamey àti Zinder nínú ìwé kan tó jáde ní 2014. Ó ṣàlàyé bí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ṣe ń dọ́gbọ́n sí i kí iṣẹ́ má baà dúró.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè Benin bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tó rọrùn fún oníṣòwò kékeré, àwọn olùwádìí ṣẹ́ kèké láàárín nǹkan bí 3,600 oníṣòwò ní Kútọnù. Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwọn kan. Wọ́n tún ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ lórí owó orí àti àkáǹtì báńkì. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ jù ló forúkọ sílẹ̀ jù. Síbẹ̀, èrè wọn kò pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kan Katako, nítorí Nìjẹ̀r àti Benin jọ ń lo òfin òwò OHADA. Nàìjíríà kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà òfin tí oníṣòwò mọ̀ nílé kọ́ ni yóò bá níbẹ̀.

Ọmọ tó dàgbà sínú ọjà, tó gbọ́ Haúsá, Zarma, Faransé àti Yorùbá, ti ní ohun tí àjèjì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn: oyè àkọ́kọ́ nínú òfin tàbí ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, oyè kejì, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Yunifásítì Abdou Moumouni wà ní Niamey. LASDEL wà níbẹ̀ àti ní Parakou. CODESRIA ní Dakar sì ti ń fún àwọn tó ń kọ irú ìwé ìwádìí bẹ́ẹ̀ lówó ìrànwọ́.

Kí òbí tó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, ohun mẹ́ta ló yẹ kó bi ọmọ. Kí ni ìbéèrè rẹ gan-an? Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ni yóò tọ́ ọ sọ́nà? Ta ni yóò máa sanwó oúnjẹ àti ọkọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí? Bí ìdáhùn bá wà, ẹjọ́ bẹ́ẹ̀dì kan ní Katako tó láti bẹ̀rẹ̀.