Ìdíje Wo Ló Le Jù? Àríyànjiyàn Tó Ń Gbé Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà Ró

Nígbà tó ku díẹ̀ kí sáà bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, ìbéèrè kan ló gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ Ohio State: nínú ìdíje 12 tó wà nílẹ̀ yìí, èwo ló máa fún wa níṣẹ́ jù? Àwọn kan ní ti Oregon ni, torí ìlú Eugene, lápá ìwọ̀-oòrùn pátápátá, ni wọ́n ti máa lọ bá wọn. Àwọn mìíràn ní Penn State ni, torí pápá tó ń gba èèyàn tó lé ní 106,000 ni wọ́n ń lọ. Àwọn àgbà inú wọn ní Michigan ni, ọjọ́ kí ọjọ́, ibi kí ibi, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé mìíràn. Nebraska ò sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwa tí à ń wo líìgì Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń jiyàn báyìí nígbà tí wọ́n bá gbé ètò ìdíje jáde, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ikọ̀ 20 ló wà ní Premier League, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì bá àwọn 19 tó kù pàdé nílé àti lóde. Bí Liverpool bá kan Arsenal lónìí, bó pẹ́ bó yá, á kan Chelsea náà. Nígbà tí sáà bá parí, tábìlì ló máa dá ẹjọ́. Bọ́ọ̀lù yunifásítì ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ikọ̀ tó wà ní ìpele tó ga jù lé ní 130, ìdíje 12 péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá láti ìparí oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kọkànlá. Ikọ̀ méjì lè borí nínú ìdíje 11 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n jọ dojú kọ alátakò kan náà rárá. Ta ló wá lágbára jù nínú wọn? Àfi ká bi wọ́n pé, ta lẹ bá jà?

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, kì í ṣe bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù náà sáré tàbí kí wọ́n fi jù ú, àwọn 11 ló ń wà lórí pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ títí ẹnì kan á fi gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ àwọn alátakò. Ìdíje tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì wáyé lọ́jọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1869, nígbà tí Rutgers fi 6 sí 4 borí Princeton.

Ohun tó jẹ́ kí àríyànjiyàn náà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 kan. Àwọn ni wọ́n ń yan àwọn ikọ̀ tó máa du ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Láti sáà 2014, ikọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń yàn. Ní sáà 2024, wọ́n sọ ọ́ di 12. Líìgì-líìgì ni àwọn ikọ̀ náà pín sí, márùn-ún nínú àwọn tó gba ife líìgì tiwọn sì ní àyè tó dájú. Ní ti àwọn méje yòókù, ojú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbìmọ̀ á wo iye ìdíje tí ikọ̀ borí, á sì wo bí àwọn tó bá jà ṣe lágbára tó. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ lóṣù kẹjọ pé ọ̀nà tiwa le ju tiyín lọ, ẹ̀rí ló ti ń kó jọ fún ẹjọ́ oṣù kejìlá.

Ẹ bi àwọn ará Florida State wò. Lọ́dún 2023, ikọ̀ wọn gbá ìdíje 13, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gba ife líìgì ACC. Ìgbìmọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n mú Michigan, Washington àti Texas, wọ́n sì fi Alabama ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ Texas ti na Alabama nínú ilé rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, 34 sí 24. Àlàyé tí ìgbìmọ̀ ṣe ni pé Jordan Travis, tó ń darí eré Florida State, ti fara pa gan-an lẹ́sẹ̀ lóṣù kọkànlá, ikọ̀ náà ò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà lórí ìwọ̀n: SEC tí Alabama ti wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí líìgì tó le jù, Georgia ni Alabama sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 27 sí 24 borí kó tó gba ife rẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n rẹ́ àwọn ọmọ yẹn jẹ. Ẹni tó bá na gbogbo alátakò tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀, kí ló tún kù tó lè ṣe?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan Indiana. Ikọ̀ yìí pàdánù ìdíje 9 nínú 12 lọ́dún 2023. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Curt Cignetti, dé, ó sì di pé wọ́n borí nínú 11. Inú àwọn olólùfẹ́ Indiana dùn dé ìdí, àmọ́ àwọn tó kù ò gbà fún wọn: ta lẹ nà gan-an? Ìbéèrè náà mú, torí Ohio State, tí gbogbo ayé gbà pé ó lágbára lọ́dún yẹn, fi 38 sí 15 lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò ìdíje Indiana bó ṣe rí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Michigan wà níbẹ̀, Washington náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n jọ gbá àṣekágbá nínú oṣù kìíní ọdún 2024, tí Michigan fi 34 sí 13 gba ife! Kí oṣù kẹwàá tó pé, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn méjèèjì ti lọ síbòmíràn, àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ sì ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré náà jẹun. Indiana nà wọ́n méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Orúkọ tó ń dẹ́rù bani lóṣù kẹjọ lè di orúkọ lásán lóṣù kọkànlá, ẹ̀bi ikọ̀ tó bá a pàdé kọ́ sì ni. Ìgbìmọ̀ mú Indiana wọlé ní tiwọn. Notre Dame ló wá fi 27 sí 17 dá wọn padà sílé.

Ká padà sọ́dọ̀ Ohio State, torí sáà wọn yẹn kọ́ni ní ohun tó ń mú ìdíje le ju bí tábìlì ṣe lè fi hàn lọ. Àwọn tó bẹ̀rù Oregon ò ṣìnà: lọ́jọ́ 12 oṣù kẹwàá, Oregon fi àmì kan ṣoṣo nà wọ́n, 32 sí 31. Wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni Nebraska wá bá wọn nílé ní Columbus. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn gan-an ni Indiana fi 56 sí 7 fọ́ Nebraska yìí kan náà sí wẹ́wẹ́. Ta ló máa bẹ̀rù irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀? Agbára káká ni Ohio State fi borí, 21 sí 17. Kì í ṣe pé Nebraska di òmìrán láàárín ọjọ́ méje. Ẹ wo ibi tí ìdíje náà bọ́ sí: ìjákulẹ̀ Eugene ò tíì kúrò lára, Penn State sì ń dúró dè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn àwọn ọmọ náà ti ṣáájú ara wọn débẹ̀. Irú ìdíje báyìí ni àwọn olólùfẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń wá nínú ètò, wọ́n kà á sí pàkúté, mo sì rò pé òye tiwọn níbí jinlẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìṣirò lọ. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ìdíje kan lẹ́gbẹ̀rún ọ̀nà kó tó sọ ẹni tó máa borí. Ó ṣòro fún un láti mọ ibi tí ọkàn ọmọ ọdún 20 wà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

Wọ́n lọ sí Penn State, wọ́n fi 20 sí 13 borí. Wọ́n lu Indiana. Ó wá ku Michigan, lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá, nílé. Michigan ọdún yẹn ò dára: wọ́n ti borí nínú ìdíje 6, wọ́n sì ti pàdánù 5, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ò tilẹ̀ rò ó pé wọ́n á borí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Michigan ti na Ohio State lọ́dún 2021, 2022 àti 2023, ẹrù ìtìjú ọdún mẹ́ta sì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Columbus gbé wọ pápá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sójú òpó fún Ohio State ta méjì dànù, eré náà há mọ́ wọn lọ́wọ́, Michigan sì fi 13 sí 10 lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn lẹ́yìn eré náà, débi pé ọlọ́pàá fín afẹ́fẹ́ ata sí wọn, líìgì Big Ten, tí ikọ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀, sì bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là lé yunifásítì méjèèjì. Àwọn àgbà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ àlàyé lóṣù kẹjọ ló jàre.

Ká ní ikọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ṣì ń yàn, sáà Ohio State ì bá ti parí síbẹ̀, torí ipò kẹfà ni ìgbìmọ̀ tò wọ́n sí. Àmọ́ 12 ni wọ́n mú. Ohio State lu Tennessee, ó gbẹ̀san lára Oregon, ó borí Texas, ó sì fi 34 sí 23 na Notre Dame ní àṣekágbá lọ́jọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025.

Ariwo tún wà lára ohun tó ń mú ìdíje le. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, ẹni tó ń darí eré máa ń fi ohùn pàṣẹ kí gbogbo ikọ̀ lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn tó lé ní 100,000 bá ń ké lé wọn lórí, wọn ò ní gbọ́ àṣẹ náà. Àmì ara ni wọ́n á máa lò, ọrùn ẹni tó wà láàárín ìlà, tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba abẹ́ ara rẹ̀, sì ni gbogbo ẹrù náà máa ń já lé. Bí ẹnì kan bá gbéra ṣáájú, wọ́n á jẹ gbogbo wọn níyà. Lọ́dún 2022, Olusegun Oluwatimi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí orírun rẹ̀, ló wà láàárín fún Michigan nígbà tí wọ́n lọ sí Columbus. Wọ́n fi 45 sí 23 borí níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2000. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ìlà náà jù. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ bá ń sọ pé ìdíje òde le, irú iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń sọ.

Ìrìnàjò náà ń dá kún un. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni USC, UCLA, Oregon àti Washington ti wọ Big Ten, líìgì tó na ọwọ́ dé New Jersey báyìí. Ní sáà àkọ́kọ́ wọn, USC gbéra láti Los Angeles lọ sí Michigan, Minnesota àti Maryland. Wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyàtọ̀ àmì tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò sì ju méje lọ.

Àwọn ìdíje tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí líle ńkọ́? Àwọn yunifásítì ńlá máa ń sanwó fún àwọn kékeré kí wọ́n wá jẹ ìyà nílé wọn. Notre Dame san 1.4 mílíọ̀nù dọ́là fún Northern Illinois lọ́dún 2024. Àlejò náà fi 16 sí 14 nà wọ́n, ó sì gbówó rẹ̀ lọ. Michigan fún Appalachian State ní 400,000 dọ́là lọ́dún 2007, nígbà tí Michigan wà ní ipò karùn-ún ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, 34 sí 32 ni àlejò sì fi dá a lóhùn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní sáà 2025. Texas gbà láti ṣí sáà rẹ̀ ní Columbus, lọ́dọ̀ Ohio State tó ní ife lọ́wọ́. Wọ́n pàdánù, 14 sí 7. Wọ́n tún pàdánù fún Georgia, wọ́n sì kọsẹ̀ lọ́dọ̀ Florida tó ń ṣe sáà burúkú, èyí tí kò sí àwíjàre fún. Síbẹ̀, wọ́n na Oklahoma àti Texas A&M, tí ìgbìmọ̀ mú àwọn méjèèjì wọlé. Ìdíje 9 ni Texas borí, 3 ló pàdánù, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Steve Sarkisian, ò fi bò pé ìdíje Columbus ló pa àwọn lára. Bí ikọ̀ tó lọ bá alágbára nínú ilé rẹ̀ bá ń jìyà ju ẹni tó jókòó sílé tó ń na aláìlera lọ, kò ní pẹ́ tí àwọn yunifásítì ò fi ní fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn tó ń sanwó wọlé ni yóò sì pàdánù rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ SEC ti pinnu pé láti ọdún 2026, ìdíje 9 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa gbá láàárín líìgì dípò 8, bíi ti Big Ten. Ìyẹn túbọ̀ dín àyè kù fún ìdíje ńlá láti ìta líìgì. Àdéhùn Texas àti Ohio State ò tíì tán ní tirẹ̀: oṣù kẹsàn-án ọdún 2026 ni Ohio State máa san ìbẹ̀wò náà padà ní Austin, Oregon àti Michigan ṣì ń bẹ nínú ètò Ohio State lẹ́yìn ìyẹn.